Sàlẹ́ńsà Harley ìrìn-àjò: èyí tó bá a wá, slip-on, àbí odidi páìpù?

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ní Road King, Street Glide, Road Glide tàbí Ultra Limited tó ní ẹ̀ńjìnnì Milwaukee-Eight, èyí tí Harley-Davidson bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sínú àwọn alùpùpù ìrìn-àjò rẹ̀ láti móòdù ọdún 2017. Ìró tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kò tẹ́ yín lọ́rùn, owó ti wà lápò, ẹ sì ti wo fídíò títí ojú fi ń ta yín. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà lórí àtẹ wéra kí owó tó jáde. Lójú tèmi, ìró orí márosẹ̀ lèèyàn ń fowó rà, torí ibẹ̀ lẹ óò ti bá a lo wákàtí mẹ́fà, méje lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹnu géètì kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí?

Páìpù méjì ló jáde lára sílíńdà méjèèjì. Wọ́n pàdé lápá ọ̀tún, ibi tí wọ́n ti pàdé náà sì ni kátálítíìkì wà, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín kó tó jáde síta. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tún pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí sàlẹ́ńsà ọ̀tún, ìkejì gba abẹ́ alùpùpù kọjá sí ti òsì. Ẹni tó ra slip-on, sàlẹ́ńsà méjèèjì nìkan ló pààrọ̀, kátálítíìkì wà níbi tó wà. Ẹni tó ra odidi páìpù tú gbogbo rẹ̀ kúrò láti ẹnu sílíńdà. Ibí ni ìyàtọ̀ owó, òfin, ooru àti ariwo ti ṣẹ̀ wá.

Sàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ ní yàrá-yàrá nínú. Èéfín á wọ yàrá kan, á yí padà, á wọ òmíràn, agbára ìró á sì máa dín kù bó ti ń lọ. Púpọ̀ nínú èyí tí ẹ óò rí lọ́jà kò ní yàrá. Páìpù kan tí wọ́n lu lójú wẹ́wẹ́ ló lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì fi òwú gíláàsì wé e kó lè máa fa ìró mu. Òwú yìí máa ń jó tán bọ́jọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Sàlẹ́ńsà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́dún tí ẹ rà á lè máa kígbe lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ṣeé tú, àti bóyá òwú rẹ̀ wà fún títà lọ́tọ̀. Èyí tí àwọn wẹ́dà ti jó pa níwájú àti lẹ́yìn, tí kò ṣeé tú, èmi ò ní rà á.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara páálí. "4 inches" tàbí "4.5 inches" tí wọ́n ń kọ, ìta ni wọ́n wọ̀n. Bí sàlẹ́ńsà méjì bá ní ihò inú kan náà, èyí tó sanra jù lóde ló ní àyè òwú jù, ìró tiẹ̀ ló sì máa ń wúwo láìhan etí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra èyí tó sanra nítorí ariwo, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì. Ihò inú ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ sì wò ó bóyá ó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ àpótí ẹ̀gbẹ́.

Ti ilé iṣẹ́ àti slip-on

Ti ilé iṣẹ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọlọ́pàá kò ní dá yín dúró nítorí rẹ̀, aládùúgbò kò ní ṣépè, ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín lè bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí iná bá dá yín dúró. Ẹni tó ń rin ìrìn ọjọ́ márùn-ún léraléra, tí orí sì máa ń fọ́ ọ lálẹ́, kó fi owó rẹ̀ ra àga ìjókòó tó dáa.

Slip-on méjì sábà máa ń gba $500 sí $900. Ohun tó ń fúnni ni ìró tó jinlẹ̀, ẹwà, àti ìwúwo tó fúyẹ́ díẹ̀. Ní ti agbára, ẹ má fetí sí ẹni tó bá ń búra. Ibi tó há jù lójú ọ̀nà èéfín ni kátálítíìkì, slip-on kò sì fọwọ́ kàn án. Agbára tó fi kún un kéré débi pé ẹ̀rọ ìdánwò nìkan ló lè rí i. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín ṣì wà ní ipò rẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ̀ńjìnnì á sì máa tún epo ṣe fúnra rẹ̀. Kì í sábà béèrè pé kí ẹ tún kọ̀ǹpútà kọ.

Ìlù Harley gan-an, kì í ṣe inú sàlẹ́ńsà ló ti ń wá. Sílíńdà méjèèjì fì síra ní díígírì 45, ibì kan náà ni wọ́n sì so mọ́ lára kírańkì, ìyẹn irin tó ń yí nínú ẹ̀ńjìnnì, nítorí náà wọn kì í jó epo ní àlàfo tó dọ́gba: díígírì 315, lẹ́yìn náà 405. Ìyẹn ló fa kútúpà-kútúpà tí gbogbo ayé mọ̀. Ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ gbé ìró yìí lọ sí ọ́fíìsì àmì ọjà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994 pé kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún òun nìkan. Àwọn tó ń bá a dupò tako ó, ó sì jáwọ́ lọ́dún 2000. Gbogbo ohun tí sàlẹ́ńsà lè ṣe ni pé kó gbé ìlù náà sókè tàbí kó bò ó mọ́lẹ̀.

Ìkùn orí márosẹ̀

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ní nǹkan bíi 70 máìlì ní wákàtí kan, lórí jíà kẹfà, ẹ̀ńjìnnì yìí ń yí ní nǹkan bíi 2,500 RPM (iye ìgbà tó ń yí po láàárín ìṣẹ́jú kan). Sílíńdà méjèèjì á jó epo ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bí ìgbà 42 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í bẹ̀rù àṣíborí, ohun tí à ń kì bọ etí láti dí i pàápàá ń dá ohùn òkè dúró ju bó ti ń dá a dúró lọ. Bí gígùn àti ihò sàlẹ́ńsà bá bá ohùn yẹn mu, á máa kùn yùnmù-yùnmù nínú agbárí láti ìlú kan dé èkejì. Àwọn tó ń gun alùpùpù ń pè é ní drone. Ẹni ẹ̀yìn ló máa ń jìyà rẹ̀ jù, torí òun ló sún mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà.

Sàlẹ́ńsà kan lè dùn bí oyin nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá wà ní sílò, kó sì jẹ́ ìjìyà ní 2,500 RPM. Nítorí náà, ẹ má fi fídíò tí wọ́n ti ń yí ọwọ́ epo lójúlé pinnu. Máíkì fóònù máa ń tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, gbogbo sàlẹ́ńsà á wá jọra. Ẹ wá ẹni tó ní móòdù kan náà, tó ní slip-on tí ẹ fẹ́, tí kò sì tíì pààrọ̀ páìpù iwájú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé yín sẹ́yìn dé márosẹ̀. Bí òun bá ti tú kátálítíìkì tirẹ̀, ohun tí ẹ bá gbọ́ kọ́ lẹ óò gbọ́ lórí tiyín.

Ariwo afẹ́fẹ́ nínú àṣíborí nìkan máa ń kọjá 90 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n ariwo) ní eré márosẹ̀. Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí etí má gba 85 dB ju wákàtí mẹ́jọ lọ, àti pé bí 3 dB bá ti kún un, kí àkókò dín sí ìdajì: 88 dB wákàtí mẹ́rin, 91 dB wákàtí méjì. Sàlẹ́ńsà yòówù kí ẹ rà, ẹ dí etí yín.

Odidi páìpù

Iye rẹ̀ kì í sábà wá sísàlẹ̀ $1,000, ẹ óò sì tún ra ẹ̀rọ tí ẹ óò fi tún kọ̀ǹpútà kọ, irú bíi Power Vision tàbí FP4 ti Vance & Hines. Láìṣe bẹ́ẹ̀ epo lè kéré jù, ẹ̀ńjìnnì á sì gbóná.

Irú méjì ló pọ̀. Èyí tí páìpù méjì parapọ̀ sí sàlẹ́ńsà kan, bíi Road Rage ti Bassani, fúyẹ́, ó sì ń fúnni lágbára ní àárín RPM, ibi tí ẹlẹ́rù àti ẹni tó ń gun òkè ti nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òsì á ṣófo, àwọn kan ò sì lè wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ dé ẹ̀yìn lẹ́wà, ìró rẹ̀ sì dá ṣáṣá, àmọ́ ó sábà máa ń jí agbára ìsàlẹ̀ gbé, ooru á sì dé ẹsẹ̀ òsì tí kò mọ ooru tẹ́lẹ̀. Nínú méjèèjì, ti sàlẹ́ńsà kan ni mo fara mọ́ fún ìrìn-àjò.

Ohun tó ń ti ọ̀pọ̀ síbẹ̀ kì í ṣe agbára o, ooru ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Kátálítíìkì ń jó itan nínú gòsólò. Ó yé mi. Síbẹ̀, òfin Clean Air Act, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo afẹ́fẹ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú u kúrò lára ohun tó ń rìn lójú títì ní Amẹ́ríkà. Lóṣù kẹjọ ọdún 2016, Harley-Davidson fúnra rẹ̀ gbà láti san $12 mílíọ̀nù láti fi parí ẹjọ́ tí ìjọba pè é nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń tà fún títún kọ̀ǹpútà kọ.

Àkọlé méjì tó yẹ kí ẹ fi wéra

Ẹ dojú sàlẹ́ńsà délẹ̀ kí ẹ ka ohun tí wọ́n lù sára irin rẹ̀. Ọ̀kan á sọ pé ó bá ìlànà EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, mu, 80 dB, á sì dárúkọ alùpùpù tó wà fún. Òmíràn á sọ pé ìdíje lórí pápá nìkan ló wà fún. Ilé iṣẹ́ kan náà lè máa ta irú méjèèjì, orúkọ ńlá kò sọ ọ́ di èyí tó bófin mu. Ní Califóníà, alùpùpù tí wọ́n ṣe láti ọdún 2013, àti sàlẹ́ńsà tí wọ́n ṣe láti ọdún náà fún irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ ní àkọlé EPA.

Ẹ má sì fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. 80 dB ti EPA, mítà 15 sí alùpùpù tó ń sáré kọjá ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ìlànà SAE J2825, ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, tí àwọn kan ń fi ṣe ìdánwò lójú kan náà láìrìn, ìdajì mítà sí ẹnu páìpù ni, ó sì gbà kí ẹ̀ńjìnnì sílíńdà méjì dé 96 dB ní 2,000 RPM. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sàlẹ́ńsà òun "96 dB péré" lè má parọ́, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ ló ń sọ.

Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, àmì E (ti Yúróòpù) tàbí BS AU 193a (ti Gẹ̀ẹ́sì), tó fi hàn pé ó bófin mu, lẹ óò máa wá. Èyí tí wọ́n bá kọ "Not for road use" sí lára kò ní yege MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ lọ́dọọdún, bó ti wù kó dákẹ́ tó.

Àwọn tó ń ṣe é

Screamin' Eagle ni ti Harley fúnra rẹ̀. Ó rọrùn láti rà lọ́wọ́ díílà, wọ́n á sì bá yín dè é lọ́jọ́ tí ẹ bá ra alùpùpù. Vance & Hines ló ní oríṣiríṣi jù, ẹ óò sì rí tirẹ̀ tó jẹ́ àlòkù níbi gbogbo. Mo fẹ́ràn Rinehart fún ìró tó wúwo, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ń jáde nílé láago márùn-ún àárọ̀. S&S Cycle, tí George Smith dá sílẹ̀ lọ́dún 1958, ní irú tó bófin mu àti irú ti ìdíje, nítorí náà ẹ ka àkọlé. SuperTrapp ni ti ẹni tí kò lè pinnu: àwọn àwo pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu rẹ̀, bí ẹ bá fi kún un ariwo á pọ̀, bí ẹ bá yọ nínú rẹ̀ á dín kù.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan fún ẹni tó ń lọ jìnnà pẹ̀lú ẹni ẹ̀yìn: slip-on tó ní àkọlé EPA, tó ṣeé tú láti kó òwú sí, tí kátálítíìkì sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Harley tòkunbọ̀ lọ sí Èkó, kó kó sàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ dání sínú kọ̀nténà. Ọjà Ládípọ̀ pọ̀ fún ti mọ́tò, ti Harley kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan gé inú rẹ̀ yọ nítorí kó lè "sọ̀rọ̀". Yàrá tó bá gé kúrò kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Rírà àti dídè

Èyí tí wọ́n kọ 1995–2016 sí kò wà fún Milwaukee-Eight. Ẹ sọ ọdún alùpùpù yín fún ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó ń gba ọjà padà lẹ́yìn tí iná bá ti kàn án, torí ọ̀pọ̀ kì í gbà á.

Ẹ ra kíláǹpù tuntun, èyí tó ti fún mọ́ páìpù tẹ́lẹ̀ kì í sábà dí dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fún nǹkan kan pa títí sàlẹ́ńsà méjèèjì á fi gún régé. Kí ẹ tó sáná sí i, ẹ fi sípíríìtì tàbí ohun ìfọ̀ nu gbogbo ara kúróòmù, torí òróró ìka ọwọ́ máa ń jó mọ́ ọn, kì í sì í ṣí mọ́. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, tó bá ti tutù, ẹ tún gbogbo bóòtù fún. Ẹ fi aṣọ wé sàlẹ́ńsà àtijọ́, kẹ́ ẹ dá a padà sínú páálí tuntun, kẹ́ ẹ sì kọ ọdún móòdù sí i lára. Ẹni tó bá máa ra alùpùpù náà lọ́wọ́ yín á béèrè rẹ̀.