Ìyẹ̀fun sílíkà ìrẹsì: ohun tí ojú mi rí ní àkùrọ̀ mi lọ́nà Ìbòdì

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ náwó sí ajílẹ̀ yúríà mọ́. Èyí ti tó."

Bí ọmọbìnrin tó ta ìyẹ̀fun sílíkà (èròjà tó pọ̀ nínú iyanrìn) fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íléṣà ṣe wí nìyẹn. Mo gbà á gbọ́. Àpò 4 ni mo rà, a ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ apá òkè oko mi kí a tó lọ́ irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 síbẹ̀. Kò kárí apá ìsàlẹ̀, ni mo bá fọ́n yúríà tí mo ní nílé sí ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ti ìsàlẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀. Ti òkè tí mo náwó lé lórí, ewé rẹ̀ tó ti dàgbà ń pọ́n láti ṣóńṣó wá sẹ́yìn.

Mo padà lọ. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀gá òun ò sí. Lọ́jọ́ kejì ó ní ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo fojú mi rí ọ̀gá náà tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló ni wọ́n bí bàbá mi sí. Mo ká ìró mi, mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà láti aago 10 àárọ̀, àwọn oníbàárà ń yà fún mi, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, kò tilẹ̀ bẹ̀ mí. "Màmá, ẹ̀yin náà ò ka ara àpò." Mo kà á lójú rẹ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni, kò sì sí náítírójìn kankan níbẹ̀. Ṣé èmi ló yẹ kí n mọ̀ ju ẹni tó ń tà á lọ? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Àbúrò mi tó kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn ní OAU ló là á yé mi: náítírójìn ni ìrẹsì fi ń yọ ọmọ, tó fi ń tú ewé, sílíkà ló ń mú igi rẹ̀ le. Nínú àpò yúríà 50 kílò, 23 kílò ni náítírójìn. Ó ní kí n fọ́n ìdajì yúríà sí òkè kíákíá, kí ìdajì tó kù dúró di ìgbà tí ṣírí bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú igi. Ìwọ̀n kan náà ni apá méjèèjì gbà níkẹyìn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ti òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù padà.

Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ ìyẹ̀fun yẹn. Mo fi àtàǹpàkò ra ewé apá òkè, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí ewé ìpín. Ti ìsàlẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀fọ́, àrùn bíláàsì sì ti ń bá a: àmì tó ṣe ṣóńṣó lókè, ṣóńṣó nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ bí eérú. Díẹ̀ gan-an ni mo rí lókè.

Lóṣù kẹsàn-án, ìjì kan jà lóru tó ṣí páànù ilé ẹ̀yìn wa. Mo sáré dé oko láfẹ̀mọ́júmọ́. Ti ìsàlẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ṣírí rẹ̀ wà nínú omi. Ti òkè tẹ̀ díẹ̀, ó dúró, omi òjò ń kán lára rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi lórí ààlà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá lówó àpò, kó gbé eérú èèpo ìrẹsì tí wọ́n ń dà nù nídìí ẹ̀rọ wò. Sílíkà pọ̀ nínú rẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Màá tún ra ìyẹ̀fun náà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ wọn.