Pearl, àwo orin Janis Joplin: àgbéyẹ̀wò láti iwájú ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

"Ta ló kú fún obìnrin yìí?" Ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó bi wá ní ìbéèrè yìí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí a jókòó síwájú ilé Bàbá Tíṣà, tí a ń gbọ́ àwo orin Janis Joplin tí a ń pè ní Pearl. Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá náà gbọ́ kò ju ti ìkíni lọ. Orin kejì ní ojú kìn-ín-ní, "Cry Baby", ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, igbe tí olórin náà sì fi ṣí i ni ó dá ìyá dúró lójú ọ̀nà. Bàbá Tíṣà dá a lóhùn pé, "Màmá, kò sẹ́ni tó kú fún un o. Òun fúnra rẹ̀ ló kú kí àwo yìí tó jáde." Ìyá mi orí, ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ, kò sì dìde mọ́ títí a fi yí rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí ojú kejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá máa kọ ohunkóhun nípa àwo yìí, ohun tí mo gbọ́dọ̀ wádìí ni ohun tí ó wà nínú ohùn yẹn tí ó fi lè mú ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ jókòó, tí ó sì ń fa àwa tí a ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà padà sídìí rẹ̀.

Janis Joplin kì í ṣe aláwọ̀ dúdú, wọn kò sì bí i sí ìdílé olórin. Port Arthur, ìlú ilé iṣẹ́ ìfọpo ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, inú rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń kọ orin blues ni ó sì ti kọ́ bí a ti ń fi ohùn tú ìbànújẹ́ síta láìtijú. Bessie Smith ni ó kà sí ìyá fún ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bessie Smith kú ní ọdún 1937, ibojì rẹ̀ nítòsí ìlú Philadelphia sì wà láìní òkúta kankan lórí fún ọdún 33, títí di oṣù kẹjọ ọdún 1970, nígbà tí Joplin àti obìnrin kan tí ó mọ Bessie Smith nígbà ayé rẹ̀ jọ dá owó òkúta náà. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, níbi tí ọmọ ti lè yáwó kí ibojì bàbá rẹ̀ má bàa di igbó, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú ọmọ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà, òun náà ti lọ.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Full Tilt Boogie, wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sunset Sound ní Los Angeles, Paul Rothchild, ẹni tí ó ti bá ẹgbẹ́ The Doors ṣiṣẹ́ ṣáájú, sì ni ó darí iṣẹ́ náà. Èrò tèmi ni pé ẹgbẹ́ yìí ni ó dára jù nínú gbogbo àwọn tí ó ti gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú Cheap Thrills, àwo tí òun àti Big Brother and the Holding Company ṣe ní ọdún 1968, gìtá àti ohùn ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọlọ́jà méjì tí ó ń pe oníbàárà kan ṣoṣo. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa rẹ etí. Nínú Pearl, piano àti dùùrù ni ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ìlù ń rìn láìkánjú, gìtá sì ń panu mọ́ nígbà tí kò bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹni tí àpàlà Hàrúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, bá ti tọ́ létí yóò mọ ohun tí mo ń wí, nítorí agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í bo Bàbá Gáńí Àgbà lẹ́nu. Ọdún 1971 kan náà ni Pearl àti Oroki Social Club ti Hàrúnà Ìṣọ̀lá jáde, ẹ̀gbẹ́ ara wọn sì ni méjèèjì wà lórí pẹpẹ Bàbá Tíṣà, tí kò rí ohun ìyanu kankan nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí "Cry Baby", nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ fẹ́ràn Joplin, ibẹ̀ náà ni àwọn mìíràn sì ti máa ń ṣì í gbọ́. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ kọ orin náà. Garnet Mimms ti gbé e jáde ní ọdún 1963. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè sọ pé ariwo ni, kí ó sì pa á. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀, yóò rí i pé igbe àkọ́kọ́ yẹn kò gùn, pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn wálẹ̀ wẹ́rẹ́, títí ó fi di pé obìnrin náà kò kọrin mọ́ rárá, tí ó kàn ń bá ọkùnrin tí ó já a sílẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni igbe tún dé, ìgbà yìí ni ó sì tó dùn wá nítorí a ti mọ ohun tí ó ń ké lé lórí. Ohùn náà há, ó sì ya níbi púpọ̀. Níbi tí ó ti ya yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, tí ó mọ wákà Bàtílì Àlàkẹ́ dunjú nígbà èwe rẹ̀, sọ pé, "Ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí." Mi ò tíì rí àgbéyẹ̀wò tí ó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Move Over", tí ó ṣí àwo náà, jẹ́ orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì le bí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìmoore. "A Woman Left Lonely" rọra ń lọ, ó sì dára. Lórí "Half Moon" àti "My Baby", mi ò ní purọ́: bí iná bá lọ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń lọ lọ́wọ́, n kì í sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Orin tí ó parí ojú kìn-ín-ní ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. "Buried Alive in the Blues" ni wọ́n ń pè é, Nick Gravenites ni ó kọ ọ́, ohùn ènìyàn kankan kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti lù ú sílẹ̀ tán, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ni ó yẹ kí Joplin wá fi ohùn sí i, kò sì wá. Inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Hollywood ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀; oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní héróìn ni ó pa á, ẹni ọdún 27 ni. Wọ́n fi orin náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Ìpẹru ka èyí sí àṣìṣe, ó ní ìbá sàn kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ju kí wọ́n máa fi àga òfìfo han àlejò lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fọ̀, orin ìjó ni, àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ náà ń lù ú pẹ̀lú ìdùnnú nítorí wọ́n rò pé ọ̀gá wọn ń bọ̀. Ìdùnnú yẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbọ́ ọ láìdákẹ́. Ìyá rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Nígbà tí a ṣàlàyé, ó ní kí a tún un fi sí i, ó sì ń fi ìka lu ọwọ́ àga títí orin náà fi tán.

Ní ti "Me and Bobby McGee", èyí tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹta ọdún 1971, aránṣọ kan wà ní Ṣágámù tí ó sọ fún mi pé orin yìí ni òun fi ń ṣàìsùn nígbà tí Ọjúde Ọba bá ń bọ̀, tí aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú bá kún orí tábìlì rẹ̀. Ìtàn ènìyàn méjì tí wọ́n rin ìrìn àjò láìní kọ́bọ̀, tí wọ́n sì pínyà, ni orin náà. Kris Kristofferson àti Fred Foster ni a kọ orúkọ wọn sí i. Nínú orin ìpilẹ̀ṣẹ̀, obìnrin ni Bobby, Joplin ni ó sọ ọ́ di ọkùnrin. Àwọn olùgbọ́ ilẹ̀ òkèèrè máa ń ka èyí sí ọgbọ́n ńlá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá, mo rí i pé ìṣòro náà kò sí lédè wa: "ó" ni "ó", ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo. Ìdajì tí ó gbẹ̀yìn nínú orin náà kò tilẹ̀ nílò ìtumọ̀, nítorí Joplin ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń pariwo "la la la" bí ọmọdé tí ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ẹgbẹ́ sì ń sáré tẹ̀ lé e.

Èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ lára àwo náà ni "Mercedes Benz". Kò sí gìtá, kò sí ìlù, àfi ohùn kan ṣoṣo àti ẹsẹ̀ tí ń lu ilẹ̀, orin náà kò sì tó ìṣẹ́jú méjì. Obìnrin náà ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ra Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ fún òun nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ní Porsche, lẹ́yìn náà ó bèèrè tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, ó sì fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Àwa tí a mọ òde àríyá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí a ti ń ka ọkọ̀ ẹni kí a tó ka ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè gbọ́ àdúrà yẹn láìrẹ́rìn-ín ara wa. Bàbá Tíṣà fẹ́ràn láti máa rán wa létí pé ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1970 ni ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ọjọ́ tí Nàìjíríà pé ọdún mẹ́wàá tí ó gba òmìnira. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù fún un láyé, kò sì sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rín náà.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ pé ikú rẹ̀ ni ó sọ àwo yìí di ààyò. Òótọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó fi wà ní ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, ó sì ṣeé ṣe kí àánú ti ọ̀pọ̀ lọ sí ilé ìtajà. Àmọ́ àánú kì í mú ènìyàn yí rẹ́kọ́ọ̀dù padà lẹ́yìn ọdún tí ó ju 50 lọ. Ẹ̀bi tí mo rí ni pé ó kúrú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 péré ni gbogbo orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àti pé "Trust Me", bí gìtá Bobby Womack ti dùn tó níbẹ̀, ń lọ́ra jù lẹ́yìn ẹ̀rín "Mercedes Benz". "Get It While You Can", tí ó kádìí rẹ̀, san gbèsè yẹn padà.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á: ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹnìkan ta CD fún mi lábẹ́ afárá nígbà kan rí, ó búra pé ojúlówó ni, mo délé, mo rí i pé wọ́n ti da àwọn orin rú, wọ́n sì ti yọ èyí tí kò ní ohùn kúrò, bóyá wọ́n rò pé ó bàjẹ́ bí ìyá ti rò. Ètò àwọn orin náà ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí náà bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ má ṣe jẹ́ kó máa fò ká. Àtúnṣe ọdún 2005, tí ó jẹ́ àwo méjì, ní àwọn orin tí ó kọ lójú agbo ní Kánádà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1970, ó sì yẹ fún ẹni tí mẹ́wàá kò bá tó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá Tíṣà, tí abẹ́rẹ́ ti há sí lójú kan nínú "A Woman Left Lonely" láti ìgbà tí mi ò tíì gbọ́njú. Kì í yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ yóò gbé àga rẹ̀ wá ní Sátidé, yóò sì mú gààrí tirẹ̀ dání.