Bright Angel àbí South Kaibab: èwo ni kí tọkọtaya gbà sọ̀kalẹ̀ ní Grand Canyon?

Omi ló mú ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀nà ẹsẹ̀ méjèèjì tó wọ àfonífojì ńlá yìí ní Amẹ́ríkà. Bright Angel ní ẹ̀rọ omi lójú ọ̀nà àti ibòji díẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù ibẹ̀ máa ń bẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè. South Kaibab kúrú jù ú lọ, nǹkan bíi kìlómítà 10 dé odò Colorado, ojú sì ń ríran jìnnà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀kán omi kan ò sí. Ẹ fi mọ́tò tí ẹ ń sùn sí sílẹ̀, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ rọrùn, gígòkè padà ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya!

Bí ẹ bá gbàṣẹ láti sùn nísàlẹ̀, ẹ gba Kaibab lọ, Bright Angel bọ̀. Ìrìn wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ kùtù? Kaibab. Lásìkò ooru, Bright Angel ni, ẹ má sì dé odò.