Ìkìlọ̀: Nọ́ńbà ara ìgò rọ́ọ̀mù kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀

Ẹ̀yin ará tí ẹ fẹ́ràn rọ́ọ̀mù aládùn láti àwọn erékùṣù Kàríbíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí tó ń ta ọtí pupa fòò nínú ìgò olówó ńlá. Nọ́ńbà 21 tàbí 23 gàdàgbà wà níwájú ìgò náà, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé iye ọdún tí ọtí náà lò nínú àgbá nìyẹn. Owó ọtí àgbà ló ń gbà, ọtí tó ń tà kò sì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Yóò kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ àwọn tó ti mu irú ọtí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún yín: pé kì í ta èèyàn lọ́fun, pé ńṣe ló ń yọ̀ wọlé, pé òórùn fáńlà àti èso gbígbẹ ń ta sánsán nínú rẹ̀, pé ẹni tí kì í mu ọtí líle pàápàá ń bèèrè kún un. Àwọn èèyàn sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lóòótọ́, kò purọ́ níbẹ̀. Ibi tó ti ń purọ́ ni ibi tó ti ní adùn yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ọtí náà ti pẹ́. Mo béèrè àwòrán ẹ̀yìn ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán iwájú ló fi ránṣẹ́. Mo béèrè iye ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, ó ní àgbá ló fún un ládùn. Mo béèrè ọdún mélòó ni èyí tó kéré jù nínú àwọn ọtí tí wọ́n pò pọ̀ síbẹ̀, ó ní ìgò díẹ̀ péré ló kù, kí n tètè sanwó. Kò dáhùn ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ àgbá yẹn yẹ̀ wò dáadáa, torí òun ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe rọ́ọ̀mù, yálà omi rẹ̀ tútù tàbí omi dúdú kíki tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà jáde. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ọtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á gba ooru tó ń jáde, ooru náà á tutù, á padà di omi. Ṣúgà kì í bá ooru gòkè, inú ìkòkò ló ń kù sí. Torí náà, ọtí tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ kò ní ṣúgà nínú, ì báà jẹ́ Jàmáíkà ni wọ́n ti sè é, ì báà jẹ́ Barbados tàbí Guyana.

Igi àgbá a máa fún un láwọ̀. A máa fún un ní òórùn fáńlà àti ti ṣúgà sísun, imú á sì rò pé nǹkan dídùn ń bọ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ṣúgà tó ń ti ara igi jáde kò tó nǹkan. Ooru Kàríbíà náà tún ń ṣe tiẹ̀: nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ọtí inú àgbá, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 2 ni ní Scotland. Ọtí tó bá fi ogún ọdún jókòó nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, igi ló máa ń borí nínú rẹ̀. Ó máa ń gbẹ lẹ́nu, ó máa ń korò díẹ̀, ó sì máa ń fún ahọ́n pọ̀. Bí èyí tí wọ́n ní ó ti lé lógún ọdún bá wá ń fà lẹ́nu bí omi ṣúgà, ẹnì kan ló bu nǹkan sí i lẹ́yìn tí wọ́n sè é tán.

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fẹ́ adùn o. Èrò àwọn tó ń mu ún pín sí méjì, mo sì gbà pé olóòótọ́ ni tọ̀tún tòsì wọn. Àwọn kan ní ìgò aládùn ló mú àwọn wọnú rọ́ọ̀mù, pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, láìfi omi dídì sí i, kò sí ohun tó tù wọ́n lára tó o. Àwọn kejì ní ẹnu àkọ́kọ́ dára, àmọ́ tó bá fi máa di ẹnu kẹta, ṣúgà nìkan ló kù. Ètè á máa lẹ̀ mọ́ra, ọtí erékùṣù kan ò sì ní yàtọ̀ sí ti èkejì mọ́. Richard Seale, tó ń darí ilé ìpọntí Foursquare ní Barbados, ti ń ta ko àfikún ṣúgà ní gbangba láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀yìn àwọn kejì yìí lèmi wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ohun tó ń rà, tó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ìwà ọ̀dájú ni kí wọ́n ta ṣúgà fún èèyàn lórúkọ ọdún.

Ní ti nọ́ńbà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pàápàá lára ìgò tí wọ́n bá kọ «solera» sí. Nínú ètò solera, wọ́n á to àgbá ní ìpele ìpele. Wọ́n á bu díẹ̀ nínú èyí tó dàgbà jù, wọ́n á fi ti ìpele tó tẹ̀ lé e dí i, bẹ́ẹ̀ títí dé orí èyí tó kéré jù, àgbà àti ọmọdé á sì jọ máa pò pọ̀ lọ. Àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni Zacapa ti Guatemala, orílẹ̀-èdè tí òkun Kàríbíà kàn. Nọ́ńbà 23 wà lára rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn ló sọ pé ọtí ọdún 6 sí ọdún 23 ló pàdé níbẹ̀. Láyé ìgbà kan, ọ̀rọ̀ «años», ìyẹn ọdún, wà lẹ́yìn 23 yẹn, ó ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Oníṣòwò tó ń tún un tà ló ń dá ọ̀rọ̀ ọdún padà sẹ́nu oníbàárà.

Ẹ fi wé Jàmáíkà, níbi tó jẹ́ pé ọjọ́ orí ọtí tó kéré jù nínú ìgò ni ọdún tí wọ́n kọ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní Martinique, tí òfin ti ń dáàbò bo orúkọ ọtí ìrèké wọn láti 1996, ọtí tí wọ́n bá kọ «vieux» sí lára gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 nínú àgbá ó kéré tán, «VSOP» ọdún 4, «XO» ọdún 6. Àmọ́ «Reserva» àti «Gran Reserva» kò ní ìtumọ̀ kan náà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí náà ẹ má torí wọn fi kún owó.

Òfin wà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Òfin 2019/787 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ tà níbẹ̀ ní orúkọ rọ́ọ̀mù, agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 37.5 nínú 100, ṣúgà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 20 lọ nínú lítà kan. Nínú ìgò 70cl, gíráàmù 14 nìyẹn. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò lè jẹ́ rum, ron tàbí rhum mọ́ lábẹ́ òfin. «Spirit drink», ìyẹn ọtí líle lásán, ni wọ́n máa ń kọ sí i, nígbà púpọ̀ ní lẹ́tà wínníwínní lẹ́yìn ìgò. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí oníṣòwò wa kò fi fẹ́ fi ẹ̀yìn ìgò hàn?

Bí ẹ bá ti ra tiyín, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ ra gíláàsì tóóró tí wọ́n ń jù sínú ọtí láti fi wọn agbára rẹ̀, kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọtí náà wà ní ìwọ̀n ooru 20 ti Celsius, kí ẹ wá jẹ́ kí gíláàsì náà léfòó nínú rẹ̀. Ṣúgà a máa mú kí omi wúwo, gíláàsì á léfòó sókè ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà tó máa fi hàn á sì kéré sí ti ara ìgò. Nǹkan bí gíráàmù 4 ṣúgà nínú lítà kan ló ń fa ìdá kan sẹ́yìn. Bí ara ìgò bá sọ pé 40, tí gíláàsì ní 34, ẹ ti mọ̀. Bí ẹ ò bá tíì rà á, ẹ wo ojú ìwé Systembolaget ti Sweden tàbí Alko ti Finland, àwọn ilé ìtajà ọtí ìjọba tó máa ń kọ iye ṣúgà inú ọ̀pọ̀ ọtí tí wọ́n ń tà.

Apá tó ń bà mí lẹ́rù jù ló kù. Ìgò òfìfo tó lórúkọ ń rí ẹni rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì wà tó ń rọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Adùn a máa bo àléébù, kò sì sí ahọ́n tàbí imú tó lè yọ mẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, sọ́tọ̀ nínú ọtí. Ọtí tí mẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa èèyàn ní Costa Rica ní 2019, ó sì pa èèyàn tó ju 100 lọ ní Dominican Republic ní 2020. Kò sí ohun tí mo rí tó fi hàn pé oníṣòwò yìí ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀yìn ìgò kò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá èdìdì ẹnu rẹ̀ ṣì wà digbí. Ẹ wo ìdérí, ẹ wo bóyá wọ́n ti ha nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kúrò lára ìgò, ẹ wo bóyá ọtí inú ìgò méjì tó jọra ga dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tàbí tí inú ń run ún kíkankíkan lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àwòrán iwájú, ẹ̀yìn àti ẹnu ìgò gan-an tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kó kọ iye ọdún ọtí tó kéré jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Bó bá kọ̀, tàbí tó bá tún sọ pé ìgò díẹ̀ ló kù, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ má ṣí i, ẹ pe báǹkì yín lónìí, kí ẹ sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ mọ́.