Tíréè tó dé pẹ̀lú omi nínú: àgbéyẹ̀wò iléeṣẹ́ tó ń bá wa pa kòkòrò ara irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ní Àbújá

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Gwarinpa. Iléeṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Idu. Àwọn ló ń kó irinṣẹ́ wa lọ fọ̀, tí wọ́n ń tò ó sínú tíréè, tí wọ́n sì ń fi ooru omi pa kòkòrò ara rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún wa. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀rọ wọn ṣe tóbi tó, nítorí ìyẹn ti wà nínú ìwé ìpolówó wọn. Tíréè kan tí mo ṣí lóru òjò kan nínú oṣù Kẹjọ ló mú mi kọ̀wé.

Aláboyún wà lórí tábìlì lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, dókítà ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́, lílù ọkàn ọmọ inú rẹ̀ sì ti ń falẹ̀. Mo yẹ ìdè oníke ara àpótí tí tíréè náà wà nínú rẹ̀ wò, kò já. Àmì ìta ti yí àwọ̀. Mo bá ṣí ọmọrí. Ẹ̀kán omi kún abẹ́ ọmọrí náà, aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irinṣẹ́ tutù rinrin, omi sì dúró sí ẹnu àwọn ẹ̀mú Green-Armytage tí a fi ń di etí ilé ọmọ mú. Síbẹ̀, ìwé atọ́ka inú rẹ̀ ti yí àwọ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé ooru dé ibẹ̀, kò sọ pé ibẹ̀ gbẹ. Omi sì ni afárá tí kòkòrò ìta ń gbà wọ inú tíréè. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò. A lo èyí tí a fi pamọ́ fún pàjáwìrì, ọmọ ké, ìyá rẹ̀ sì wà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n tíréè pàjáwìrì yẹn nìkan ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Bí aláboyún mìíràn bá dé lóru yẹn ńkọ́?

Mo pe awakọ̀ wọn. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mátírọ̀n, omi lásán ni, á gbẹ tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ díẹ̀.” N kò bá a jà, nítorí ẹni tó rán an níṣẹ́ ni kò kọ́ ọ. Mo pe máníjà. Ó bi mí bóyá ìwé atọ́ka yí àwọ̀ àbí kò yí, ó ní bó bá ti yí, iṣẹ́ tiwọn ti parí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Nínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí abẹ tó kan ara, pé ṣé ó ti dá a lójú pé kò sí kòkòrò lára irinṣẹ́. Èmi ni mo ń dáhùn ìbéèrè yẹn, kì í ṣe máníjà. Mo bi í bóyá yóò gbà kí wọ́n fi tíréè náà ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó tirẹ̀. Ó ní òun yóò pè mí padà, kò sì pè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá àwọn tó ń to tíréè níbẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ìyá àgbà kan ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Kò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n gbé tíréè náà wá, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì lé ní kílò 11, ìwọ̀n tí kò yẹ kí tíréè kọjá. Wọ́n ti da irinṣẹ́ ṣíṣí ikùn mọ́ ti ìbímọ, irin tó bá sì pọ̀ lójú kan máa ń sọ ooru di omi. Ó ní, “Ọmọ mi, àwa la jẹ̀bi. Ooru pé, ó dé ìwọ̀n 134°C. Ṣùgbọ́n iná lọ, àwọn ọmọ sì gé àkókò gbígbẹ kúrú kí jẹnẹrétọ̀ má baà jẹ dísù.” Kò sí ẹni tó rán an pé kó sọ ọ́, inú mi sì rọ̀.

Ó jókòó tì mí, a pín irinṣẹ́ náà sí tíréè méjì. Ó kó àwọn irin ńlá tí a fi ń fa ikùn sẹ́yìn sí ìsàlẹ̀, ó tú eyín ìdè gbogbo ẹ̀mú kí ooru lè wọ oríkèé wọn, ó kọ ẹnu wọn sí ọ̀nà kan náà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ abọ́ lélẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Títí di òní, tíréè kankan kò tún tutù. Ìwé tí wọ́n fi ń ka iye irinṣẹ́ inú tíréè péye, àwọn àpótí aluminium wọn sì dára ju aṣọ tí a ń fi di irinṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá gba gbogbo Àbújá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé owó oṣù náà dé, owó tíréè tó tutù wà nínú rẹ̀! Máníjà ní bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe kọ ọ́. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ṣì ń pẹ́ dé nígbàkúùgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lójú ọ̀nà.

Máàkì tí mo fún wọn ni 2 nínú 5. A ti bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn ọdún mìíràn pẹ̀lú wọn nítorí ìyá yẹn, mo sì ti rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àkókò gbígbẹ kúrú, yálà iná wà tàbí kò sí, àti pé a kò ní sanwó tíréè tó bá tutù.