₦60,000 tí mo san kí n tó ta kóńgò ẹ̀lùbọ́ kan

Ọmọ Ṣakí ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì mi parí lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n máa kó ẹ̀lùbọ́ wá láti ilé, kí n dì í sínú páálí tó ní orúkọ àti àwòrán, kí n máa gbé e fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Wálé, ta ló fẹ́ ra ẹ̀lùbọ́ tí kò fojú rí?" Mo ní kí ló mọ̀ nípa òwò.

Mo lọ sí ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà, àwọn tó ń báni ṣe ìwádìí ọjà, tí wọ́n á sì kọ ètò òwò téèyàn lè gbé lọ sí báńkì. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú. ₦60,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá, márùn-ún ni wọ́n lò.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ ìwádìí ọjà wọn dáa. Mo ti ṣe ìwádìí tèmi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn: mo bi bí ogún èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ládùúgbò bóyá wọ́n á ra ẹ̀lùbọ́ Ṣakí tó mọ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ló ní àwọn á rà. Ọmọbìnrin tí wọ́n yàn fún mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló máa wò yín lójú kó ní òun ò ní rà?" Ó ní ká má bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó máa ṣe, ohun tó ti ṣe ni ká bi í. Ìgbà wo lẹ ra ẹ̀lùbọ́ kẹ́yìn? Kóńgò mélòó, èló? Kí ló bí yín nínú nínú èyí tẹ́ ẹ rà?

Ọjọ́ mẹ́rin la lò lọ́jà Bódìjà. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Ọ̀kan bi mí bóyá owó orí ni mo wá gbà. Ọmọbìnrin yìí á kúnlẹ̀, "Ẹ kú ọjà o mà, ọjà á tà o," á kọ́kọ́ ra kóńgò kan, ìbéèrè á wá tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìyá ilé tó mọ ẹ̀lùbọ́ á kiwọ́ bọ̀ ọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò, torí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má ti po láfún mọ́ ọn. Páálí mi yẹn, ojú olè ló máa fi wò ó.

Ẹlòmíì ló ń ra èyí tí wọ́n ti dì sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó tí kò ríbi kó kóńgò márùn-ún sí, ọkùnrin tó ń dá gbé. Àti ẹnì kan tí mi ò rò kàn rárá, ẹni tó ń dìrù lọ sí London. Obìnrin kan ra kóńgò mẹ́wàá lójú mi, ó ní ọ̀rá tí kò ní bẹ́ sáàárín aṣọ ni wàhálà òun. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kíá.

Wọ́n tún jẹ́ ká bi àwọn ọlọ́jà nípa iye tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ lóṣooṣù. Nígbà ọyẹ́ tí iṣu ń gbẹ dáadáa, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Bí òjò bá dé, ó ti wọ́n, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́. Owó tí mo fẹ́ fi tẹ páálí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí n fi rajà pamọ́.

Ìwé tí wọ́n wá kọ ńkọ́? Ojú ewé 32. Ní ojú ewé 19, mo kà pé "àwọn adìyẹ wa yóò máa yé ẹyin lójoojúmọ́." Adìyẹ ta ni! Èrè mi ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún, kò sí òjò, kò sí kòkòrò, owó NAFDAC ò sì sí níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ní àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti kó adìyẹ kúrò, àmọ́ oúnjẹ adìyẹ ṣì wà nínú ìnáwó.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ti ọmọbìnrin yẹn ni gbogbo ẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè ta iṣẹ́ ìwádìí ọjà nìkan, wọ́n ní ₦35,000. Òun ni kẹ́ ẹ rà. Ètò tèmi, èmi àti ìyàwó mi la tún un kọ sínú ìwé ọmọ wa, ojú ewé mẹ́rin péré. Ìyàwó mi ní òun náà ń retí ₦60,000 tòun.