Xi'an: sójà amọ̀ àbí odi ìlú?

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní ní Xi'an, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, èwo lẹ máa lọ wò? Sójà amọ̀, ìyẹn ère àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ ṣe tí wọ́n sì sin sítòsí sàréè olú ọba àkọ́kọ́ ní Ṣáínà, ni gbogbo ayé mọ̀, ọdún 1974 làwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga kàn wọ́n nílẹ̀, wọ́n ní wọ́n á tó 8,000, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn pọ̀ o! Àmọ́ ó jìnnà sígboro, èrò á sì há yín mọ́. Odi ìlú ní tiẹ̀, àárín ìgboro ló wà, ayé àwọn ọba Ming, ìdílé ọba kan tó ṣàkóso Ṣáínà nígbà àtijọ́, ni wọ́n mọ ọ́n, ó tó kìlómítà 13, ẹ lè háyà kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ gùn ún yípo lórí ẹ̀. Odi yẹn lèmi fẹ́ràn jù, torí àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ẹ máa bá àdúgbò àwọn Mùsùlùmí níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran sí.